Òdòdó Etí Ilẹ̀ Àánú

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ìgbẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí òun ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Láti kékeré ni mo ti kórìíra ohun tó bá ń rùn. Bí ikun bá yọ nímú ọmọ ẹgbẹ́ mi nígbà tí a bá ń jẹun, oúnjẹ ọwọ́ mi di ti ajá nìyẹn. Ìyá mi a máa sọ pé, “Lawrence, ìwọ tí ò ń ṣe bí ẹni tí a fi ọṣẹ bí, ta ni yóò bá ọ ro oko?” Ẹnikẹ́ni ò bá mi ro ó, torí n kò dá oko. Akọ̀wé ni mí ní ilé iṣẹ́ gẹdú kan ní Ore. Èékánná mi mọ́ ju ti ìyàwó ọ̀ṣìngín lọ, sùtánà funfun mi sì wà lórí okùn ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ayé lè rí i.

Ọdún òmìnira ni mò ń sọ yìí, 1960. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Mo ti ṣe ìdána Olúbísí, akọrin nínú ìjọ wa, ọmọ Bàbá Gabriel, àgbẹ̀ kòkó ní Odigbo. Bíbélì àti òrùka wa ti wà nílé wọn, a sì ti fi ìgbéyàwó sí oṣù Kejìlá. N kò fẹ́ ohun mìíràn láyé tó bí mo ṣe fẹ́ ọmọbìnrin yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá ń gbọ́ ohun tí mo ṣe, torí èmi náà ń fi í sọ́kàn, ó sì ń rí mi lára.

Ilé àdúrà wa wà lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Oǹdó lọ sí Òkìtìpupa. Iwájú rẹ̀ ni Ilẹ̀ Àánú wà, àgbàlá oníyanrìn tí ẹni tí ọ̀ràn bá ká lára máa ń dùbúlẹ̀ sí, tí yóò máa yí gbiri, tí yóò máa ké pe Ọlọ́run. Iyanrìn ibẹ̀ kì í ṣe iyanrìn Ore. Láti odò Olúwa, lọ́nà Agbabu, ni àwọn ìyá ìjọ ti rù ú wá, nítorí orúkọ odò náà. Wọ́n ní ta ni yóò rí odò tó ń jẹ́ Olúwa tí yóò tún lọ bu iyanrìn níbòmíràn? Iyanrìn náà funfun lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí òjò rọ̀ sí i láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti gbẹ. Ọ̀dà dúdú tó ń sun nínú ilẹ̀ Agbabu tún ta sí i níbi púpọ̀. Bí oòrùn bá mú, á lẹ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀, mi ò sì ní sùn lálẹ́ ọjọ́ náà láìfi kẹrosíìnì nu àtẹ́lẹsẹ̀ mi.

Òfin àgbàlá yẹn le. Kò sí bàtà níbẹ̀, kò sí ẹran ọ̀sìn, obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kò gbọdọ̀ kọjá ẹnubodè, ohun àìmọ́ kankan kò sì gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Bí ewúrẹ́ bá ṣìnà wọlé, ọjọ́ mẹ́ta ni a fi ń gbààwẹ̀.

Nínú oṣù Keje, Àpọ́sítélì Zachariah, olórí ìjọ wa, pe gbogbo wa jọ. Ó ní a óò ṣe ìsìn ìdúpẹ́ ní ọjọ́ Ìsinmi tó bá tẹ̀ lé ọjọ́ òmìnira, àwọn ilé àdúrà Oǹdó àti Òkìtìpupa yóò sì wá. Ó ti dé Ìbàdàn, ó ti rí òdòdó tí wọ́n gbìn yí ilé àwọn ọlọ́lá ìjọba ká. Ó ní kò ní ṣeé gbọ́ pé ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn gbin òdòdó, kí ilé Ọlọ́run wá wà ní gbalasa. Ó fẹ́ òdòdó yí etí Ilẹ̀ Àánú ká, lọ́tùn-ún àti lósì.

“Lawrence ló mọ̀wé jù,” ni ó wí. “Òun ni yóò gbìn ín.”

Bí ẹni pé bírò ni wọ́n fi ń ro ilẹ̀! Èmi tí n kò gbin àgbàdo kan rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo ènìyàn yíjú sí mi, orí mi wú, mo ní, “Àmín, Bàbá.” Ọ̀gá wa, òyìnbó ilé iṣẹ́ gẹdú, fún mi ní irúgbìn nínú àpò ìwé, òdòdó pupa àti olómi ọsàn. Ó ní láàárín oṣù méjì yóò tanná. Mo fi ọ̀pá ìwọ̀n fa ìlà tó gún régé, mo gbẹ́ ihò kéékèèké, mo gbin irúgbìn sí iyanrìn lásán. Mo ṣe é bí ẹni ń kọ lẹ́tà, kò sí èyí tó wọ́.

Ó hù, ó sì kú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni. Mo bomi rin ín, omi náà ń wọlẹ̀ lọ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò ní padà wá. Ìyá Joanna, aríran ìjọ wa, ní omi lásán ni mò ń lò ni kò ṣe dúró. Ó ní kí n lo omi ìyàsímímọ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé bí wọ́n bá gbàdúrà sí omi níbi tiwa, wọ́n ń fi iyọ̀ sí i. Mo da omi oníyọ̀ sí ìwọ̀nba èyí tó ṣẹ́kù fún ọjọ́ mẹ́ta. Ewé rẹ̀ jóná létí, ó rọ, ó sì dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn. Ìyá Joanna wò ó, ó ní ọ̀tá ló wà nídìí rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni Bàbá Gabriel gba Ore kọjá, ó yà wá wò mí. Ó bọ́ bàtà lẹ́nubodè, ó wọlé, ó bu iyanrìn náà, ó jẹ́ kó gba àárín ìka rẹ̀ dà nù.

“Ulẹ̀ yìí ti kú, ọmọ mi,” ni ó wí. Bí wọ́n ṣe ń pe ilẹ̀ nílùú wọn nìyẹn. “Ẹ gbin pèrègún sí i. Pèrègún ò mọ ilẹ̀ búburú.”

Àpọ́sítélì gbọ́, ó fò sókè. Pèrègún kẹ̀? Ewé òrìṣà? Bàbá Gabriel ò bá a jiyàn. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó kí wa, ó bá tirẹ̀ lọ.

Olúbísí ló kọ́ mi. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni mo lọ sí Odigbo, mo rojọ́ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní, “Bùrọ̀dá Lawrence, ebi ló ń pa ilẹ̀ yín. Ẹ ò fún un ní nǹkan kan, ẹ wá ní kó bímọ fún yín. Ajílẹ̀ ló fẹ́. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti èèpo kòkó. Ẹ ó pò ó pọ̀ sínú ihò, ẹ ó bò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó jẹrà tán. Nígbà yẹn kò ní rùn mọ́, òórùn ilẹ̀ ni ẹ ó máa gbọ́ lára rẹ̀. Ẹ wá pò ó mọ́ iyanrìn, á máa di omi mú.”

“Ìgbẹ́?” ni mo wí. “Nínú Ilẹ̀ Àánú?”

“Bó bá ti jẹrà tán, ilẹ̀ ni, kì í ṣe ìgbẹ́ mọ́.”

Ó mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé, sí ilé ewúrẹ́ bàbá rẹ̀. Áà! Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ, ìtọ̀ òbúkọ ń tani lójú, ìgbẹ́ àná wà lórí ti ìjẹta, ìdin sì ń rìn láàárín rẹ̀ bí ẹni tó ń lọ sọ́jà. Ẹ̀gbẹ́ kan ni èèpo kòkó wà, ó ti dúdú, ó ń yọ̀, omi funfun kan ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀. Mo fi áńkáṣíìfù di imú, mo fi ọkọ́ wà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì bì. Mo bì gbogbo ohun tí mo jẹ láàárọ̀. Olúbísí gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó gbẹ́ ihò, ó pò ó pọ̀, ó bò ó, gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó wẹsẹ̀, ó wẹwọ́, ó bu oúnjẹ fún mi. N kò lè jẹ ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò. Ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ: obìnrin tó bá mi ṣe iṣẹ́ mi, ọwọ́ rẹ̀ ni mo kórìíra.

Mo padà sí Ore, mo ka ọjọ́. Bí mo bá dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òdòdó kò lè tanná kí àlejò tó dé. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ kẹwàá, nígbà tí Olúbísí wà lóko, mo lọ hú ajílẹ̀ náà. Mo sanwó fún awakọ̀ gẹdú kan, ó gbé àpò méjì fún mi dé Ore. Ọ̀sán ni, gbogbo ìjọ ti lọ sóko, Àpọ́sítélì lọ sí Òkìtìpupa. Mo gbẹ́ yàrà yí Ilẹ̀ Àánú ká, mo da ìgbẹ́ tútù náà sínú rẹ̀ pẹ̀lú èèpo kòkó tí kò tíì jẹrà, mo fi iyanrìn funfun bò ó, mo sì gbin irúgbìn ìyókù. Mo wẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́jọ́ náà. Mo sọ aṣọ tí mo wọ̀ sínú iná.

Nígbà tí Olúbísí wá, ó fi ìka wa iyanrìn, ó gbé e sí imú, ó wò mí. “Ẹ ti kánjú,” ni gbogbo ohun tó sọ. Ìdajì ọmọ òdòdó náà jó láti gbòǹgbò, torí ìgbẹ́ tútù gbóná. Ó ní kí n má fà á tu, ó kó koríko gbígbẹ sí ìdí àwọn tó yè, ó sì ń wá láti Odigbo lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti bá mi bomi rin ín. Èmi máa ń dúró níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, kí òórùn má baà kàn mí. Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án fi dé ìdajì, òdòdó ti dé orúnkún. Ewé rẹ̀ dúdú, ó ń dán. Àpọ́sítélì ń rìn yí i ká pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn, ó ń sọ fún ènìyàn pé àdúrà ló ṣe é.

Lẹ́yìn náà ni òjò ńlá dé. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi rọ̀. Iyanrìn tí mo fi bo yàrà wọlẹ̀, ìgbẹ́ náà sì léfòó wá sókè. Nígbà tí oòrùn yọ ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù náà, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá. Olúbísí ló kọ́kọ́ dé. Ó rí i, ó kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wọ́ iyanrìn gbígbẹ bo ìgbẹ́ náà kí àwọn ará tó rí i. Ó ń bò mí láṣìírí. Ibẹ̀ ni Ìyá Joanna bá a, ó rí i tó dìde láti ibi òdòdó, tó ń gbọn ọwọ́.

Ìsìn bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án. A wà lórí Ilẹ̀ Àánú, gbogbo wa nínú funfun, lẹ́sẹ̀ lásán. Ìyá Joanna fa imú. Ó tún fa imú. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n.

“Mo ń gbọ́ òórùn!” ni ó kígbe. “Ẹ̀mí ní òórùn àìmọ́ wà láàárín yín!”

Òórùn wà lóòótọ́. Ẹni tó bá ní imú ń gbọ́ ọ, àwọn eṣinṣin náà ń gbọ́ ọ. Àgbẹ̀ sì ni gbogbo wọn! Kò sí ẹni tí kò ní ewúrẹ́ nílé nínú wọn, kò sí ẹni tí kò mọ òórùn ìgbẹ́ ewúrẹ́ láti inú oyún. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti wọ sùtánà, imú rẹ̀ náà a di ti ẹ̀mí. Wọ́n ń mi orí, wọ́n ń ké “Àánú! Àánú!”, àwọn kan tiẹ̀ ti dùbúlẹ̀, wọ́n ń yí gbiri dé ẹ̀gbẹ́ òdòdó, mo sì rí akọ̀wé ìjọ tó fi ẹ̀yìn yí ìgbẹ́ mọ́lẹ̀, tó dìde pẹ̀lú omijé lójú. Bí n ò bá di ẹnu mú ni, ǹ bá bì sára ẹni tó wà níwájú mi.

“Obìnrin kan wọ àgbàlá yìí nínú àìmọ́ rẹ̀,” ni Ìyá Joanna wí. Ó na ìka. “Olúbísí, ọmọ Gabriel. Mo bá ọ níbẹ̀ láàárọ̀. Kí lò ń bò mọ́lẹ̀?”

Àpọ́sítélì ní, “Arábìnrin, jẹ́wọ́.”

Olúbísí ò wo Àpọ́sítélì. Ó yíjú sí mi. Kò bẹ̀ mí, kò mi orí, ó kàn ń wò mí, ó ń dúró. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni: “Ajílẹ̀ ni, èmi ni mo gbé e wá.” Ó wà lórí ahọ́n mi. Mo gbójú sílẹ̀.

“Ara mi mọ́,” ni Olúbísí wí. Kò fi nǹkan kan kún un.

Ìyá Joanna ṣí fìlà funfun kúrò lórí Olúbísí lójú gbogbo ìjọ. Wọ́n ní kó jókòó sẹ́yìn odi fún ọjọ́ méje, kó máa gbààwẹ̀, kó wẹ̀ nínú odò, lẹ́yìn náà kó wá tọrọ àforíjì. Àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ akọrin, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ká aṣọ wọn mọ́ra bó ṣe ń kọjá. Kò jókòó sẹ́yìn odi. Ó gba ọ̀nà Odigbo lọ, ẹsẹ̀ ni ó fi rìn ín, bàtà rẹ̀ sì wà lẹ́nubodè títí ìsìn fi parí.

Ọjọ́ kejì, òórùn náà kò lọ. Ibo ni yóò lọ? Wọ́n da lọ́fínńdà sí gbogbo etí Ilẹ̀ Àánú, wọ́n sun tùràrí. Ẹ ò gbọ́ irú òórùn bẹ́ẹ̀ rí: ìgbẹ́ tó wẹ lọ́fínńdà. N kò lè fara dà á mọ́, mo tọ Àpọ́sítélì lọ, mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìyọ nǹkan kan kúrò.

Ó fi ọwọ́ nu ojú.

“Àlejò ń bọ̀ ní ọjọ́ mẹ́jọ òní,” ni ó wí. “Ṣé ká wá sọ fún wọn pé Ẹ̀mí purọ́ lẹ́nu Ìyá Joanna? Ṣé ká sọ pé orí ìgbẹ́ la ti ń gbàdúrà? Arábìnrin náà yóò padà wá lẹ́yìn ọjọ́ méje. Ọlọ́run á dárí jì í.”

“Kí ló ṣe, Bàbá, tí Ọlọ́run á fi dárí jì í?”

“Lawrence.” Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òrí. “Òdòdó yẹn dára púpọ̀.”

Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi níbẹ̀? Ara tù mí. Mo dìde kúrò nílẹ̀, ara tù mí, bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ látìmọ́lé. Mo ti rí ìdin nínú ìgbẹ́, mo ti rí èèpo kòkó tó ń yọ̀, kò sí èyí tó rí mi lára tó ìtura yẹn nígbà tí mo bá rántí rẹ̀. Mo wẹwọ́, mo lọ sùn.

Ọjọ́ ìdúpẹ́ dé. Òdòdó tanná, pupa àti olómi ọsàn, yí Ilẹ̀ Àánú ká. Ará Oǹdó pariwo, ará Òkìtìpupa ní àwọn ò rí irú rẹ̀ rí. Ọjọ́ kejì òmìnira wa gan-an ni, orin sì gba ẹnu gbogbo ènìyàn. Àpọ́sítélì pè mí síwájú, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní ẹ wo ọ̀dọ́mọkùnrin tó fi ọwọ́ mímọ́ ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ méje ti kọjá, Olúbísí ò padà wá. Mo wo àárín àwọn akọrin, àyè rẹ̀ ti kún. Wọ́n ti fi ẹlòmíràn dí i. N kò dúró jẹun. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Odigbo pẹ̀lú sùtánà lọ́rùn.

Bàbá Gabriel ń sá kòkó níwájú ilé. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó jẹ́ mi, ó sì ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó rẹ̀ nìṣó. Olúbísí wà lódìkejì ẹní, ó ń ṣa èyí tó bu kúrò lára èyí tó dára.

Mo ní, “Olúbísí, mo wá tọrọ àforíjì. Mo ti sọ fún Àpọ́sítélì. Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ lójú wọn lọ́jọ́ náà?”

“Bí mo bá sọ ọ́, wọn á ní mò ń fi ẹ̀ṣẹ̀ mi kọ́ yín lọ́rùn,” ni ó wí. “Ẹnu yín ló yẹ kó ti jáde.” Ó gbé ojú sókè. “Ẹ kàn sọ nǹkan kan fún mi, Bùrọ̀dá Lawrence. Nígbà tí mo yíjú sí yín, ẹ gbójú sílẹ̀. Mo rò ó títí, mo ní bóyá ìtìjú ni, bóyá ẹkún ni. Kí lẹ̀ ń wò nílẹ̀?”

Mo ti parọ́ tó. Mo sọ òtítọ́ fún un.

“Etí sùtánà mi ni. Mò ń wò ó bóyá ìgbẹ́ ta sí i.”

Bàbá Gabriel dá ẹsẹ̀ dúró lórí kòkó.

“Ṣé ó ta sí i?” ni Olúbísí bi mí.

“Rárá,” ni mo wí. “Kò sí nǹkan kan lára rẹ̀.”

Ó mi orí, ó gbọn èérún kòkó kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó wọlé lọ. Bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e. Òun nìkan ló jáde padà, Bíbélì wà lọ́wọ́ rẹ̀, òrùka sì wà lórí Bíbélì.